Iná Inú Ataare, Òtútù Inú Kádámọ̀mù

Ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́ ni ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi tú etí ìborùn rẹ̀, tó sì kó nǹkan wínníwínní bíi mẹ́wàá sórí tábìlì mi. Àwọ̀ ewé tó ti ṣá ni wọ́n ní, wọn ò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, igun mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n sì fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀, sà," ló wí. "Ìyá àgbà ló mú un bọ̀ láti Mẹ́kà. Wọ́n ní inú kọfí ni àwọn Lárúbáwá máa ń fi í sí. Wọ́n ní kí n bi yín pé kí ni Yorùbá ń pè é."

Mo gbé e símú. Ó ta mí bí ewé yúkálípítọ̀sì, ó tún ní adùn díẹ̀ bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Kádámọ̀mù ni. Mo sọ fún un pé Yorùbá ò fún un lórúkọ tirẹ̀ nítorí pé kì í hù nílẹ̀ wa, àmọ́ ó ní ìbátan kan níbí tí kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n sì ti fi ṣàdúrà fún òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Mo rán ọmọkùnrin kan sí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀, pé kó ra odidi ataare méjì wá.

Ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí pé àwọn òbí mélòó kan ti wá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí mo ń fi ataare ṣe nínú kíláàsì, tí ọmọ wọn fi ń dé ilé tí ètè ń ta á. Ìbéèrè wọn tọ́. Ó yẹ kí n dáhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A kọ́kọ́ la àwọn méjèèjì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tọ́ ọ wò, kí ojú ṣiṣẹ́ ná. Ataare tóbi, awọ rẹ̀ gbẹ ó sì hunjọ bí awọ ara arúgbó. Nígbà tí a ya á, inú rẹ̀ kún fọ́fọ́ fún hóró pupa rúsúrúsú, awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì pín wọn sí yàrá yàrá. Kádámọ̀mù kéré jù ú lọ púpọ̀, hóró inú rẹ̀ dúdú, kì í sì í sábà ju ogún lọ. Síbẹ̀, tí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀gá mọlémọlé kan náà ló kọ́ ilé méjèèjì: awọ líle níta, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, hóró tó tò tẹ̀lé ara wọn tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta ka hóró ataare kan títí ó fi lé ní igba, kó tó sú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti rántí pé ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń mú un dání níbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ń tọrọ pé kí ọmọ náà ó pọ̀ bí ataare ṣe ń pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Mo yìn ín. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú àdúrà yẹn ti la ataare, ó ti wo inú rẹ̀ dáadáa, ó sì ti ka hóró. Iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn.

Ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí, ẹbí tí wọ́n ń pè ní Zingiberaceae, ìyẹn ẹbí atalẹ̀. Atalẹ̀ tí a ń lọ̀ mọ́ sobo wà níbẹ̀, atalẹ̀ pupa náà wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe kádámọ̀mù ni Elettaria cardamomum, ilé rẹ̀ sì ni àwọn òkè olójò tó wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Western Ghats. Ataare ni Aframomum melegueta. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn dáadáa: Áfíríkà ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, àwọn ará Etíópíà sì ní àbúrò rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní korarima, tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ àti kọfí. Tí a bá tún gbòòrò sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ náà jẹ́ ìyekan wọn lọ́nà jíjìn. Àwọn ọmọ kò gbà á gbọ́ títí mo fi fa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wọlé tí mo sì fi bí iṣan rẹ̀ ṣe ń sá láti àárín lọ sí etí hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewé ataare rí.

Bí wọ́n ṣe ń hù gan-an yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Lábẹ́ igi obì ní oko bàbá mi, ataare máa ń dúró bí igbó kékeré, ó ga tó àyà ọmọ ọdún méjìlá. Ohun tí ẹ rí tó dúró yẹn, ẹ ó pè é ní igi rẹ̀, àmọ́ ewé tó ká mọ́ra wọn lásán ni. Igi rẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, bí atalẹ̀ ṣe ń ṣe. Láti ara igi tó dùbúlẹ̀ yìí ni òdòdó ti ń yọ, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tó rọra là bí ẹnu fèrè, pẹ̀lú àwọ̀ tó dà bí ti àlùbọ́sà eléwé nídìí. Ọmọ tí kò bá mọ̀ á máa wá èso láàárín ewé lókè, nígbà tí èso wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èso tútù rẹ̀ pupa. Tí ẹ bá ya á, ohun funfun kan wà tó bo hóró, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, a máa ń mu ún lóko kí a tó tu hóró dànù. Àwa nìkan kọ́ ló mọ adùn rẹ̀: àwọn ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gòrílà, nínú igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà, máa ń jẹ èso àti ọ̀mùnú àwọn ewéko ẹbí ataare yìí.

Kádámọ̀mù náà ń so nídìí bẹ́ẹ̀. Èso rẹ̀ kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín àkókò kan. Tí wọ́n bá sì ká kìlógíráàmù márùn-ún, bíi kìlógíráàmù kan ló máa ń kù tó bá gbẹ. Ẹ ò ní bi mí mọ́ ìdí tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé sáfúrónì àti fànílà nìkan ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó wọ́n jù ú lọ láàárín èròjà ìsebẹ̀. Íńdíà nìkan kọ́ ló ń gbìn ín mọ́. Guatemala, tó wà ní àárín Amẹ́ríkà, ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á jù lọ láyé, bẹ́ẹ̀ sì ni kò pé ọdún 150 tí wọ́n gbé e débẹ̀.

Ó wá kan ahọ́n.

Kí a tó tọ́ ọ wò, mo gún ataare, mo dà á sínú ife kan. Mo bu gaàrí gbígbẹ sínú ife kejì. Mo ní kí olúkúlùkù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: tí a bá ki tẹmómítà bọ ife méjèèjì, èwo ni yóò gbóná jù? Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kọ ataare. A ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, a dúró. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni ataare, méjìdínlọ́gbọ̀n ni gaàrí. Kíláàsì dákẹ́. Mo fẹ́ràn irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju àtẹ́wọ́ lọ.

Iná ò sí nínú ataare. Ta ni ń jó wa nígbà náà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Orí ahọ́n, àti nínú ẹnu, àti káàkiri awọ ara wa, ni àwọn iṣan tín-ín-rín wà tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Ẹnu iṣan wọ̀nyí ní ilẹ̀kùn kéékèèké tí ojú ò lè rí. Ilẹ̀kùn kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ooru. Tí tíì gbígbóná bá kàn án, tí ooru náà tó bí ìwọ̀n 43 lórí tẹmómítà Sẹ́ísíọ̀sì, ilẹ̀kùn yìí á ṣí, iṣan á sáré lọ sọ fún ọpọlọ pé, "Iná! Yọ ahọ́n rẹ kúrò!" Iṣẹ́ tó dára ni, òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu wa bó.

Nínú hóró ataare, àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n kéré débi pé a ò lè fojú rí wọn, móléékù ni a ń pè wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ paradol, ọ̀kan ń jẹ́ gingerol, ọ̀kan ń jẹ́ shogaol. Bí wọ́n ṣe rí bá ihò kọ́kọ́rọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn ooru yẹn mu. Tí wọ́n bá ti bọ́ sí i, ilẹ̀kùn á ṣí láìsí ooru kankan. Iṣan ò mọ̀ bóyá iná ló kan ilẹ̀kùn tàbí kọ́kọ́rọ́ ló ṣí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ, òun náà ló sì sáré lọ sọ fún ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ojú wa fi ń ṣe omi, tí òógùn sì ń bọ́ ní iwájú orí: ara ń gbìyànjú láti pa iná tí kò sí.

Ata rodo náà ń ṣí ilẹ̀kùn yìí, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ń jẹ́ capsaicin. Láti ara kọ́kọ́rọ́ ata yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ David Julius, ní Kalifọ́níà, fi wá ilẹ̀kùn náà rí ní 1997. TRPV1 ni wọ́n ń pè é lónìí. Ní 2021, wọ́n fún òun àti Ardem Patapoutian ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí ara ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn. Ata tí ìyá wa ń lọ̀ lórí ọlọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé kádámọ̀mù. Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní hóró méjì, wọ́n rún un, mo wá ní kí wọ́n mu omi láti inú kèǹgbè. Omi kan náà ni, ó ti wà ní kíláàsì láti àárọ̀. Ọmọ kan ṣíjú wò mí: "Sà, ẹ ti kó o sí fìríìjì!" Rárá. Ilẹ̀kùn mìíràn ló ṣí. Àwọn iṣan mìíràn ní ilẹ̀kùn tó ń ṣọ́ òtútù, TRPM8 ni wọ́n ń pè é, ó máa ń ṣí tí nǹkan bá tutù ju bí ìwọ̀n 26 lọ. Móléékù tó pọ̀ nínú òróró kádámọ̀mù ń jẹ́ cineole, òun náà ló wà nínú ewé yúkálípítọ̀sì àti nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí a fi ń ra àyà nígbà òtútù. Ó lè tari ilẹ̀kùn òtútù yẹn, bí menthol inú swíìtì mínítì ṣe ń ṣe. Nítorí náà, nínú ẹbí kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n ń kan ilẹ̀kùn iná, àbúrò ń kan ilẹ̀kùn òtútù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà nípa rẹ̀, mo dìde kúrò lórí àga.

Ọmọ kan béèrè ìbéèrè tí n ò retí. Ó ní tí a bá gbé kádámọ̀mù sórí tábìlì, gbogbo yàrá ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Èéṣe tí a kì í fi imú mọ bí ataare ṣe ta tó? Ìbéèrè àgbà ni. Cineole fúyẹ́, ó máa ń fò bọ́ sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń fò wọ imú. Paradol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wúwo, wọn kì í fò, àfi kí ẹ gbé ahọ́n lọ bá wọn. Ataare ní òórùn tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n móléékù mìíràn ni òórùn yẹn, kì í ṣe èyí tó ń ta. Ẹ óò rí i tí a bá dé ilé ìdáná pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí a fi èròjà sínú ìkòkò.

Ohun kejì ni pé àwọn móléékù tó ń ta wọ̀nyí kò fẹ́ràn omi. Inú òróró àti inú ọtí ni wọ́n ti ń yọ́. Ọmọkùnrin méjì yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n jẹ hóró ataare mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀kan mu omi, ó ń fẹ atẹ́gùn sẹ́nu títí aago fi lù. Èkejì mu mílíìkì, ara rẹ̀ balẹ̀ láìpẹ́, nítorí ọ̀rá inú mílíìkì gba móléékù náà mọ́ra ó sì gbé e lọ. Ẹ wá rántí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe máa ń rẹ egbòogi kan sínú omi, tí wọ́n sì máa ń rẹ òmíràn sínú ọtí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì, wọ́n ṣe é wò, wọ́n rí ohun tó jáde dáadáa.

Àwọn ará Yúróòpù mọ ataare tipẹ́. Ó ti ń gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó dé etíkun wa, ó sì ṣeyebíye débi pé wọ́n ń pè é ní hóró párádísè. Láti ara orúkọ yẹn ni paradol ti gba orúkọ tirẹ̀, etíkun tó di Làìbéríà lónìí sì jẹ́ Etíkun Hóró nítorí rẹ̀. Nígbà tí Vasco da Gama gba ojú òkun dé Íńdíà ní 1498, ata dúdú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ataare díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń pọn bíà ní Ìlú Ọba kò fi í sílẹ̀. Wọ́n á fi omi la bíà, wọ́n á fi ataare sí i, ẹni tó ń mu ún á gbọ́ pé ó ń jó òun lọ́fun, á sì rò pé ọtí náà le. Ilẹ̀kùn ooru yẹn náà ni wọ́n ń kàn! Ó burú débi pé ní 1816, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó ní kí apọnbíà tí wọ́n bá bá ataare lọ́wọ́ rẹ̀ san 200 pọ́ùn, kí ẹni tó tà á fún un sì san 500. Lónìí, wọ́n ń fi í sí ọtí ní gbangba, orúkọ rẹ̀ wà lára èròjà tí àwọn tó ń ṣe jíìnì Bombay Sapphire ń kà fún ará ayé.

Kí wá ni ataare fúnra rẹ̀ ń fi iná ṣe? Kò dá a nítorí ọbẹ̀ wa. Ewéko ò lè sá, kò lè jà, móléékù ni ohun ìjà rẹ̀ sí kòkòrò àti èbu. Àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ti dán ataare àti atalẹ̀ wò sí kòkòrò tó ń lu àgbàdo nínú àká, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009 pé òórùn méjèèjì ń lé kòkòrò náà sá. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọ àgbẹ̀ mẹ́rin ló nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà láti béèrè pé mélòó ni kí àwọn dà sínú àpò àgbàdo kan. Mo ní kí a ṣe é wò: agolo àgbàdo méjì, ataare nínú ọ̀kan, kí a má fi nǹkan kan sí èkejì, kí a kà wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn agolo náà wà lórí pẹpẹ báyìí.

Èyí tí àwọn òbí fẹ́ gbọ́ jù ni ti oògùn, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ti máa ń yá ju òtítọ́ lọ.

Ipò ataare nínú ìṣègùn Yorùbá tóbi. Ẹ ṣí ìwé Ewé tí Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo tó sì gba orúkọ Fátúmbí, tẹ̀ jáde ní 1995, ẹ ó rí ataare lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún rí i, ẹ ó tún rí i. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i ni iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó fẹ́ pe ọfọ̀ máa ń jẹ ataare kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè múná. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn nínú kíláàsì. Tẹmómítà mi kò mọ bí a ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí mo lè kọ́ni ni èyí tí a lè dán wò, tí ẹlòmíràn sì lè dán wò lẹ́yìn wa.

Nínú ẹbí yìí, atalẹ̀ ni ẹ̀rí tirẹ̀ lágbára jù: wọ́n ti dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà lára àwọn tí èébì ń gbé, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Cineole náà, ní Jámánì, oògùn tí wọ́n ń tà nínú kápúsù ni fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ikọ́, ó ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yọ́. Àmọ́ cineole inú kápúsù pọ̀ gan-an ju èyí tó wà nínú kádámọ̀mù méjì tí ẹ jù sínú tíì lọ, nítorí náà, ẹ má retí iṣẹ́ kan náà. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Íńdíà tó jáde ní 2009: ènìyàn 20 ni wọ́n fún ní gíráàmù mẹ́ta kádámọ̀mù lílọ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ìfúnpá wọn sì wálẹ̀. Ogún ènìyàn! Kíláàsì mi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Ó tó láti mú kí a tún wádìí sí i, kò tó láti mú kí ẹnikẹ́ni ju oògùn dókítà dànù. Ti ataare, àwọn ará Japan fún ọkùnrin 19 ní èyí tí wọ́n fà jáde lára rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013 pé ó ń jẹ́ kí ara àwọn kan nínú wọn jó oúnjẹ sí i láti fi dá ooru. Nínú ilé ìwádìí, ó ti pa àwọn kòkòrò àrùn kan nínú àwo, ó sì ti mú wíwú ara eku lọ sílẹ̀. Àwo kì í ṣe ènìyàn, eku kì í ṣe ènìyàn.

Síbẹ̀, eku ló kìlọ̀ fún wa nípa oyún. Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ wa fún eku aboyún ní omi ataare ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó sì ṣe oyún wọn ní jàǹbá. Mo bẹ àwọn ìyá, ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ yàtọ̀ sí àgbo tí a fi odidi ataare sè. Kí aboyún yẹra fún èkejì. Ẹni tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu náà mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kò yẹ kó máa rún un. Ti ọmọ ìkókó, mo ti dé ibi ìsọmọlórúkọ púpọ̀ tó jẹ́ pé ìyá ló ń tọ́ ataare wò nítorí ọmọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn ooru ahọ́n ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ti ń ṣiṣẹ́ bíi tiwa. Kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oyin, nítorí èyí tó léwu jù lórí àwo yẹn gan-an nìyẹn: irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè ṣẹ́gun, ó sì lè rọ ọmọ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ìpara àti òróró tó ní cineole pẹ̀lú, ẹ má fi wọ́n sí abẹ́ imú ọmọ kékeré; wọ́n lè dí i ní èémí.

Mo ṣèlérí ilé ìdáná. Kọfí àwọn Lárúbáwá tí ìyá àgbà mu kò dúdú bí tiwa, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kádámọ̀mù sì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń bù ú sínú ife kékeré pẹ̀lú èso dábínù. Àwọn ará Íńdíà ń fi í sí tíì mílíìkì. Àwọn ará Sweden, tí ilé wọn jìnnà réré sí oko kádámọ̀mù, ń fi í sí búrẹ́dì dídùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ataare ń bá èèrù àti ìyèré rìn nínú omi ẹran gbígbóná, ó ń bá obì rìn nínú àwo àlejò. A dán kádámọ̀mù wò nínú sobo ní ọjọ́ Ẹtì: a se ìsápá pẹ̀lú atalẹ̀, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà náà ni a tó fọ́ kádámọ̀mù mẹ́fà sínú ìkòkò ńlá kan, tí a dé e títí tó fi tutù. Tí a bá ti fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, òórùn rẹ̀ ì bá ti bá ooru fò lọ, àwọn ará ilé kejì ni ì bá gbádùn rẹ̀. Ataare kò ní ìṣòro yẹn. Ẹ lè fi í sínú omi ẹran láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó wúwo ò ní fò. Kí ẹ sì má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, nínú méjèèjì. Ọlọ́run ti fún hóró náà ní àpótí tirẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ ṣí i.

Ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fi kádámọ̀mù mẹ́ta pamọ́, kò jẹ́ kí a jẹ wọ́n tán. A gbìn wọ́n sẹ́yìn kíláàsì lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí òjìji wà, a gbin hóró ataare tútù tí bàbá ọmọ kan mú wá láti oko sí ìlà kejì. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé hóró kádámọ̀mù kì í pẹ́ kú tí wọ́n bá ti fi ooru gbẹ ẹ́ fún títà, àmọ́ wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i fúnra àwọn. Ìlà ti Mẹ́kà kò hù. Ìlà ti oko gba ọ̀sẹ̀ tó pọ̀, ó gbà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ti gbàgbé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ewé méje yọ, tín-ín-rín bí ewé koríko. Ọmọbìnrin yẹn já etí ewé kan, ó rún un láàárín ìka, ó gbé e símú. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sáré wọ kíláàsì wá pẹ̀lú ìka rẹ̀ lókè.

"Sà, atalẹ̀ ni! Atalẹ̀ ló ń run!"